Ọwọ́ Tó Di Gìgísẹ̀ Mú: Bí A Ṣe Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Gáàdì De La Riva, Bí A Sì Ṣe Ń Kọjá Rẹ̀

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí gáàdì kan tó ń dààmú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jiu-jitsu, kí n sọ bí èèyàn ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀ níbẹ̀ àti bó ṣe lè kọjá. Ẹ fi yíyàn sílẹ̀ fún mi, mo sì yan De La Riva. Kò sí gáàdì mìíràn tí mo ti rí i tó ń gbé alágbára jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí alágbára náà kò sì ní lè sọ ohun tó ṣe òun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn tó mọ ìjàkadì ilé wa sọ̀rọ̀. Ní Ọ̀fà àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kanlẹ̀, ìjà parí fún un nìyẹn. Àwọn onílù á ti kọjú sí ẹni tó ṣì dúró. Jiu-jitsu àwọn ará Brazil yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, tó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sáàárín òun àti ẹnìkejì, kò tíì pàdánù ohunkóhun. Ibi tó wà yẹn ni wọ́n ń pè ní gáàdì. Rẹfirí kò ní fún ẹni tó wà lókè ní máàkì kankan nítorí pé ó wà lókè. Ó di ìgbà tó bá kọjá ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn, tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sórí àyà ẹni ilẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kó tó gba máàkì 3 lábẹ́ òfin IBJJF, àjọ tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu. Bí ẹni ilẹ̀ bá ṣáájú gbé e ṣubú, tó gorí rẹ̀, máàkì 2 ni yóò gbà. Ẹ wo bí àwọn olófin ṣe díye lé e: wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ kọjá ló le jù.

Ọ̀rọ̀ bí ìjà yìí ṣe dé Brazil gùn, mi ò sì ní jókòó tì í lónìí. Mitsuyo Maeda, ọmọ Japan tó kọ́ júdò ní Kodokan, dé ibẹ̀ ní ọdún 1914. Carlos Gracie kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Belém, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì gbé e lọ sí Rio de Janeiro. Èyí tó kàn wá lónìí ni Carlson, àkọ́bí Carlos, tó ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Copacabana. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Carlson lókìkí fún ohun kan ní Rio: bí wọ́n bá dé orí rẹ, wọ́n á tẹ̀ ọ́ títí èémí á fi fẹ́ pin. Inú ilé àwọn atẹni-mọ́lẹ̀ yìí ni Ricardo de la Riva dàgbà sí, òun tí kò ga, tí kò sì sanra. Ẹ fojú inú wò ó. Ojoojúmọ́ ni àwọn tó wúwo jù ú lọ ń bọ̀ wá kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ òun, ó ti tán fún un. Ó ní láti wá ohun tí yóò dá wọn dúró lókèèrè, nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí ìdúró, kí ìwúwo wọn má tíì dé orí òun. Bí ẹsẹ̀ tó ń gba ẹ̀yìn orúnkún wọlé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní guarda pudim, nítorí bó ṣe ń mú ẹni tó dúró gbọ̀n bíi jẹ́lì. Ní nǹkan bí ọdún 1986, nínú ìdíje kan ní Rio, De La Riva borí Royler Gracie, ọmọ Hélio, àbúrò Carlos. Royler yìí kan náà ni yóò gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀ léra láti 1996 sí 1999. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀fẹ̀ dópin, wọ́n fi orúkọ ẹni tó ni gáàdì pè é.

Kí ẹ má sì rò pé ti àwọn èèyàn kéékèèké nìkan ni. Antônio Rodrigo Nogueira tí gbogbo ayé ń pè ní Minotauro, ọmọ Vitória da Conquista ní ìpínlẹ̀ Bahia, òmìrán ni, ọwọ́ De La Riva ló sì ti gba bẹ́líìtì dúdú. Ẹ̀yìn tó fi lélẹ̀ ni ó fi ń gba ìjà mọ́ àwọn tó wúwo jù ú lọ lọ́wọ́ nígbà tó ń jà ní Japan.

Ó tó gẹ́ẹ́. Àbúrò, ìwọ tó wọ bẹ́líìtì búlúù, jọ̀ọ́ wá dùbúlẹ̀ sáàárín máàtì. Ìwọ pẹ̀lú, àbúrò mi gíga yẹn, wá dúró síwájú rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ẹ lè dìde kí ẹ rí i dáadáa.

Ẹ wò ó. Ẹni tó dúró fi ẹsẹ̀ òsì síwájú. Ẹni ilẹ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gba ìta wá, ó yí i ká ẹ̀yìn orúnkún òsì yẹn, ó sì fi ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀ kọ́ itan láti inú. Ìkọ́ nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti lọ sí ìsàlẹ̀, ó di gìgísẹ̀ òsì mú. Tó bá jẹ́ ṣòkòtò ló fẹ́ dì mú, á ká aṣọ rẹ̀ jọ sínú ọwọ́ láti ìta, torí òfin kò gbà kó ki ìka bọ ẹnu ṣòkòtò. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà ní ìbàdí ọ̀tún ẹni tó dúró, ó ń tì í. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di apá ẹ̀wù ọ̀tún mú. Ẹ kà á: ohun mẹ́rin ló so mọ́ ara ẹni tó dúró, méjì nísàlẹ̀, méjì lókè.

Àbúrò, fà á díẹ̀. Ẹ rí i? Kò tíì ṣe nǹkan kan, ẹni gíga yìí ti ń wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí mo dé, ohun tí wọ́n máa ń kọ́ ọmọ pé kó kọ́kọ́ bá jà ni ìkọ́ yẹn. Ó yé mi ìdí rẹ̀. Òun lojú ń rí, òun ni wọ́n fi dá gáàdì náà mọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìkọ́ kì í gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Ó kàn ń mú orúnkún dúró sójú kan ni. Ọwọ́ tó di gìgísẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó ń ti ìbàdí ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ibi. Ọ̀kan ń sọ pé ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ sún sẹ́yìn, èkejì ń ti ara rẹ sẹ́yìn. Bí ara bá ń lọ sẹ́yìn tí ẹsẹ̀ kò lè tẹ̀lé e, ìdí ni èèyàn á fi jókòó. Àbúrò, jọ̀ọ́ fi ọwọ́ sílẹ̀ lára gìgísẹ̀, kí o wá tì í. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ó kàn gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ìkọ́ ṣì wà níbẹ̀ o, kò sì rí nǹkan kan ṣe. Ó yá, tún gìgísẹ̀ mú padà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ìkánjú. Ẹni tó dúró mọ̀ pé òun ni rẹfirí ń wò, ó mọ̀ pé bí òun kò bá ṣe nǹkan kan fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n lè kì òun nílọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n fìyà jẹ òun. Ló bá fò síwájú kó lè sáré yí ẹsẹ̀ ẹnìkejì ká, nígbà tí ọwọ́ ṣì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ tó ń sáré, okùn náà ni yóò dá a lulẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi ọwọ́ já ọwọ́ ẹni ilẹ̀, ó ti gbé orí àti èjìká wá fún un. Ẹni ilẹ̀ á fà á ní apá ẹ̀wù, á gbé e gba orí ara rẹ̀ kọjá, ẹni tó wà lókè á sì máa wo àjà.

Nítorí náà, ìdúró ni ká kọ́kọ́ tún ṣe. Àbúrò mi gíga, gbé orí sókè. Tẹ orúnkún méjèèjì, jẹ́ kí ìdí rẹ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ tẹ̀. Yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì síta, jẹ́ kí orúnkún tẹ̀lé e síta pẹ̀lú. Ó dáa. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ ẹni ilẹ̀. Ìkọ́ tó ti wọ inú itan tẹ́lẹ̀ ti ń yọ̀, ó ti ń bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí itan ẹni òkè ti jókòó lé ojúgun rẹ̀. Kò já a, kò fi agbára kankan fà á. Àyè tí ìkọ́ náà nílò ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́? Ẹsẹ̀ tí kò sí nínú ìdè yẹn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, kí ọwọ́ má lè tó o. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí fún ẹ̀yin bẹ́líìtì funfun, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí ìjà ń bàjẹ́. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ń gbọ̀n, ara á fẹ́ mú ẹsẹ̀ ọ̀tún wá síwájú láti fi gbé ara ró. Bó bá ti wá báyìí, ẹni ilẹ̀ ti ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Á wọ abẹ́ rẹ, á yí po, o ò sì ní mọ ìgbà tó máa dé ẹ̀yìn rẹ.

Yíyípo yẹn ló sọ gáàdì àtijọ́ yìí di tuntun. Berimbolo ni wọ́n ń pè é: ẹni ilẹ̀ á fà ọ́ jókòó, á yí lórí èjìká rẹ̀ gba abẹ́ rẹ, á sì yọ lẹ́yìn rẹ. Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Mendes, Rafael àti Guilherme, àti àwọn ìbejì Miyao, Paulo àti João, ti fi han gbogbo ayé pé a lè fi í gba ife. Àwọn àgbà kan ò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní eré ọmọdé ni, pé kò lè wúlò lójú ìjà òpópónà. Èmi kì í dá sí àríyànjiyàn yẹn. Ẹni tó bá ti bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ ti gba máàkì 4. Àlàyé òpópónà kò ní dá a padà. Bí o bá rí i pé ó ti fẹ́ yí, má ṣe yí ẹ̀yìn padà sí i láti sá. Kọjú sí i, fi ọwọ́ òsì ti orúnkún ẹsẹ̀ tó fi kọ́ ọ mọ́lẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ìdí rẹ wúwo lórí itan rẹ̀. Ẹni tí itan rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ máàtì kò lè yí.

Lẹ́yìn ìdúró, apá ẹ̀wù ló kàn. Já a kíákíá, torí ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni irinṣẹ́ tí o máa lò fún gbogbo ohun tó kù. Fi ọwọ́ òsì ran ọwọ́ ọ̀tún lọ́wọ́, kí o sì fa ìgúnpá sẹ́yìn mọ́ ìhà. Ìhà ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ wà ni kí o gbà jáde, ibẹ̀ ni ìdìmú kò ti lágbára. Bí ọwọ́ rẹ bá ti gbà, má fi í ṣeré. Fi í di ṣòkòtò rẹ̀ mú lórí orúnkún òsì, orúnkún ẹsẹ̀ tó fi ń ti ìbàdí rẹ yẹn.

Àbúrò mi gíga, ṣe é. Tì í sílẹ̀, sí ìhà ọ̀tún rẹ. Ẹ wò ó: ẹsẹ̀ tó ń ti ìbàdí ti kúrò. Ọwọ́ tó di gìgísẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá a ti ara sẹ́yìn mọ́. Wàyí o, fi gìgísẹ̀ fà sẹ́yìn sí ìdí rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú agbára. Ó já. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá kó tó já a.

Ibí yìí ni ìkọjá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé iṣẹ́ tó kù kò pọ̀ mọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí orúnkún gé kọjá. Orúnkún òsì, èyí tí wọ́n fi ìkọ́ mú níṣàájú, ni yóò gé wọlé, lórí itan òsì ẹni ilẹ̀ tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí orúnkún bá ti ń lọ sí inú báyìí, ìkọ́ kò ní ohun tí yóò kọ́ mọ́. Fúnra rẹ̀ ni yóò já bọ́. Ọwọ́ òsì rẹ á wọ abẹ́ apá ọ̀tún rẹ̀, kó má lè fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ kọjú sí ọ. Ọwọ́ ọ̀tún á fi itan sílẹ̀, á lọ fa apá ẹ̀wù òsì rẹ̀ sókè. Ìdí á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà òsì rẹ̀. Ó parí.

Ẹni tó fi èyí ṣe iṣẹ́ jù lójú mi ni Leandro Lo, ọmọ São Paulo. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ló gba ife àgbáyé, ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, látorí ìwọ̀n fífúyẹ́ dé ti àwọn tó tóbi. Bí ẹ bá wo ìjà rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó máa ń dúró nínú De La Riva láìkánjú, bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Á já ọwọ́ kan, á tún dúró. Ẹni ilẹ̀ ló máa ń kánjú. Wọ́n yìnbọn pa á ní São Paulo ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ẹni ọdún 33 ni. Ó dùn mí púpọ̀. Fídíò rẹ̀ ṣì wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Bí orúnkún kò bá rí àyè gé, bóyá torí pé ẹni ilẹ̀ ti gbé orúnkún rẹ̀ dí i lọ́nà, ẹ lè fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí o ti dì mú ní ṣòkòtò yẹn, má tì í sílẹ̀ mọ́. Fà á gba iwájú ara rẹ kọjá sí ìhà òsì rẹ, kí o sì fi ìbàdí rẹ dí i kó má lè padà. Ìbàdí rẹ̀ á ti yí, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti ń yọ sí ọ. Àwọn Mendes kan náà tó fi berimbolo da àwọn èèyàn láàmú ló tún fi èyí kọjá gáàdì àwọn ẹlòmíì. Ẹni tó bá mọ bí ilé ṣe rí nínú ló mọ ibi tí ògiri rẹ̀ ti sán.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ èyí. Orúnkún ló wà nínú ewu níbí yìí ju ọrùn lọ. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ máàtì, tí wọ́n di gìgísẹ̀ mú, tí ara wá yí lójijì, orúnkún ni yóò gba gbogbo rẹ̀ sára. Nínú ìdíje aṣọ ìjà, IBJJF máa ń lé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ orúnkún ẹlòmíì wọnú nígbà tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún wà nínú ìdè. De La Riva kò rú òfin yẹn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbé, ìṣísẹ̀ kékeré kan ló là wọ́n láàárín. Kí ọmọ tó bá rí i pé orúnkún òun ń yí sí ibi tí kò yẹ fi ọwọ́ gbá máàtì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnìkejì sì fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kóòṣì tó bá ń fi ọmọ tó gbá máàtì ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin kóòṣì, ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ṣáájú ni pé báwo ni kí ẹ ṣe fi kọ́ ọmọ. Ìdáhùn mi kò ní ẹwà kankan. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjà láti ìdúró. Ẹ fún ẹni ilẹ̀ ní ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ìkọ́, gìgísẹ̀, ìbàdí, apá ẹ̀wù. Ìṣẹ́jú méjì. Ẹni òkè kò gbọdọ̀ gbìyànjú àtikọjá rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró láìṣubú, kó sì já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá já mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbà. Bí wọ́n bá gbé e ṣubú, ẹni ilẹ̀ gbà. Inú àwọn ọmọ kò ní dùn sí i, torí gbogbo wọn ló fẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan sílẹ̀ fún un kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n máa kọjá. Kí ẹ sì máa yí ẹsẹ̀ padà. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo ń rí ló mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ nígbà tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ òsì ló wà níwájú. Bí ọ̀tún bá fi wà níwájú, wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì tó wà lórí máàtì, ẹ ṣeun. Ẹ pààrọ̀ àyè báyìí: ẹni gíga á dùbúlẹ̀, ẹni bẹ́líìtì búlúù á dúró, ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ẹ̀yin tó kù, ẹ wá ẹnìkejì yín, kí a ṣe é.